Kò Tó Wákàtí Kan sí Àbújá

Ọmọ àbúrò mi obìnrin ló pè mí láti Àbújá pé òun ti rí físà gbà, òun ń lọ sí Kánádà. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ọwọ́ mi ló dàgbà sí, nínú ilé tí mo ń dá gbé báyìí l'Ọ̀yọ́. Bí n kò bá rí i kó tó lọ, ta ló mọ ìgbà tí a tún máa fojú kan ara wa?

"Bàbá Ọ̀yọ́, ẹ má wọ mọ́tò wá o, ọ̀nà ò dáa. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún yín láti Ìlọrin. Kò tó wákàtí kan."

Kò tó wákàtí kan! Mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ lè dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ ní gáréèjì kí èrò tó kún. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá bàjẹ́, a óò sọ̀kalẹ̀, a óò jókòó sábẹ́ igi. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò sí igi lókè.

Àwọn tó bá ń lọ sí Mẹ́kà ládùúgbò wa máa ń tọrọ àforíjì láti ilé dé ilé kí wọ́n tó gbéra, bóyá wọn ò ní padà. Èmi náà wọ agbádá, mo bẹ̀rẹ̀. Mo dé ọ̀dọ̀ télọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Akẹ̀sán, mo ní bí mo bá ti ṣẹ̀ ẹ́ rí, kó forí jì mí.

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. "Bàbá, ṣé àsìkò Mẹ́kà ti tó ni?"

"Àbújá ni."

"Àbújá kẹ̀! Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wá wo Alàájì Àbújá!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò kúrò níbẹ̀ títí ó fi ní òun ti forí jì mí.

Mo lọ sùn sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nítòsí Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́, torí ibẹ̀ súnmọ́ Ìlọrin.

"Kí ló ń gbọ̀n ọ́ lẹ́sẹ̀?"

"Òtútù ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Nínú ooru yìí? Gbẹnu ẹ sọ́hùn-ún!"

Nínú bàálù, mo di àga mú bí ẹni pé èmi ni mo gbé e dúró. Ọkùnrin tó jókòó tì mí ti sùn kí a tó gbéra, n kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Mo ń ka àwọn súrà tí mo mọ̀ ní àkàtúnkà. Àfi bí wọ́n ṣe ní a ti ń sọ̀kalẹ̀.

Ọmọ mi ti ń dúró dè mí ní pápákọ̀ òfurufú pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, nítorí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni bàálù tirẹ̀ máa gbéra. A jẹ wàrà díndín tí ẹ̀gbọ́n mi fi rán mi.

"Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ẹ̀rù kẹ̀? Mo sùn ni."

"Irọ́ o! Màmá Ògbómọ̀ṣọ́ ti pè mí."

Mo bi í pé báwo ni tirẹ̀ ṣe jìnnà tó. Ó ní bóyá ọjọ́ kan gbáko. Ó kúnlẹ̀, mo ṣàdúrà fún un, ó gba ẹnu ọ̀nà tí èmi ò lè bá a gbà wọlé.

Mo sùn ní yàrá tó fi sílẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tó rà fún àbọ̀ mi wà lápò mi, ẹ̀rù náà sì ti dínkù, n ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá wọ bàálù, ọ̀sán ò ní pọ́n kí n tó délé, ta ni mo fẹ́ bá níbẹ̀? Gáréèjì ni mo gbà lọ. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó ṣílẹ̀kùn ilé mi l'Ọ̀yọ́, kò ku nǹkan kan ju kí n sùn lọ.