Ìrẹsì Àgbọn tí Wọ́n Ní Ó Sọ Ọmọ Di Olódo

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kò síbi tí èèyàn ti lè jẹ ojúlówó oúnjẹ àwọn ará Màlésíà láti Ọ̀yọ́ títí dé Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ kàn bi í léèrè pé ta ló lé e lọ. Ibì kan wà. Ní ọdún 1987, ẹ̀yìn Ọjà Akẹ̀sán ló wà, ó dojú kọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí mi ò ní dárúkọ, kí ìwọ̀nba òrùlé tó kù lórí rẹ̀ má baà fò lọ nítorí ìtìjú. Gbogbo ẹni tó bá mọ oúnjẹ í jẹ ni mo ń júwe ibẹ̀ fún kí wọ́n tó bà á jẹ́. Inú mi ò tíì rọ̀ di òní.

Marufat lorúkọ obìnrin tó ń ta oúnjẹ níbẹ̀. Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ ló lọ sí Mẹ́kà, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ṣe Hájì tán tí wọ́n wọ bàálù wálé, òun dúró wáṣẹ́. Ó ríṣẹ́ sí ilé ìdáná obìnrin ará Màlésíà kan tó máa ń se oúnjẹ fún àwọn ará ìlú rẹ̀ tó bá wá ṣe Hájì. Abọ́ ló kọ́kọ́ ń fọ̀. Ó fọ abọ́ títí ìlà ìka rẹ̀ fi parẹ́. Bí ìjọba bá ní kó tẹ̀ka síwèé lónìí, ṣe ni ìwé náà á kàn mọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbà kó máa rin àgbọn, wọ́n wá gbà kó máa fún wàrà rẹ̀, ó sì pẹ́ gan-an kí wọ́n tó fi ṣíbí ọbẹ̀ ata lé e lọ́wọ́. Nígbà tí ọlọ́pàá ibẹ̀ kó àwọn tí kò níwèé ìgbélùú jọ tí wọ́n dá wọn padà, àwọn kan gbé góòlù dé. Marufat gbé ọwọ́ ìdáná dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí oúnjẹ náà ṣe rí, kẹ́ ẹ lè mọ ohun tí wọ́n fi du ìlú. Wàrà àgbọn ni wọ́n fi ń se ìrẹsì ọ̀hún, kì í ṣe omi lásán. Wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tẹ́ abọ́, wọ́n á bu ìrẹsì sí àárín, wọ́n á da ẹja yọ̀yọ̀ díndín sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á da ẹ̀pà díndín sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n á fi ìlàjì ẹyin sí i. Ọbẹ̀ ata á wá gun orí gbogbo rẹ̀, ó pupa bí ojú ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ata náà á kọ́kọ́ dùn, á wá kan díẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ni á wá bá èèyàn jà. Mo rí àgbàlagbà tó ń sunkún tó tún ń na abọ́ pé kí wọ́n bu sí i. Mo mọ ọkùnrin kan tó lá ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà títí ewé fi padà di funfun.

Ẹni tó polówó ibẹ̀ jù ni Mùílì, awakọ̀ J5 tó máa ń kó èrò gba Ọ̀yọ́ kọjá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ sì mọ àṣà àwọn awakọ̀ wa: ibi tí awakọ̀ bá ti já èrò sílẹ̀ kí wọ́n jẹun, ọ̀fẹ́ ni tirẹ̀, ẹran abọ́ rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó táyà rẹ̀. Bí ẹran bá ṣe tóbi tó ni ìyìn ṣe ń pọ̀ tó. Nígbà tí Mùílì kọ́kọ́ jẹun tán lọ́dọ̀ Marufat tó fẹ́ dìde, obìnrin náà ní kó sanwó.

"Èmi kẹ̀, Àlàájà? Èmi tí mo kó èrò wá?"

"O ṣeun. Sanwó. Ẹnu tí mo bá fi ẹran rà, olóúnjẹ ọ̀kánkán á fi ẹran tó tóbi jù ú lọ gbà á lọ́wọ́ mi."

Mùílì sanwó, ó bú u títí dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì padà wá lọ́jọ́ kejì. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kígbe sínú ọkọ̀ bí wọ́n bá ti dé Ọ̀yọ́ pé, "Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yin èrò mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹun kúrò nílé, ẹ ti ṣàṣìṣe, ẹ lọ tún un ṣe. Ẹni tó bá kọjá níbí láìjẹ ìrẹsì Màlésíà, ẹrù ni màá kà á sí, màá sì gbowó ẹrù lórí ẹ̀."

Àwọn ọmọ ilé ìwé náà ń ra tiwọn, Marufat á fi ewé pọ́n ọn ní kékeré fún wọn. Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa títí èsì ìdánwò kọ́mọ́nù tí wọ́n fi ń wọ sẹ́kọ́ńdìrì fi jáde ní ọdún 1988, tí gbogbo ọmọ kíláàsì ìkẹyìn ilé ìwé náà fìdí rẹmi, àfi ẹyọ kan.

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀ kí n tó bínú ju báyìí lọ. Ọ̀gá ilé ìwé náà, Ọ̀gbẹ́ni Adéríbigbé, ní oko ẹ̀gẹ́ kan lọ́nà Ìṣẹ́yìn. Oko náà gbòòrò débi pé òrùn kì í lè wọ̀ ọ́ já lọ́jọ́ kan. Àwọn ọmọ kíláàsì ìkẹyìn ló ń ro ó. Bí agogo ilé ìwé bá ti lù, ọkọ́ ni wọ́n ń gbé, kì í ṣe ìwé. Ìṣirò tí wọ́n mọ̀ ni iye ebè tó kù. Ọmọ kan wà tó lè di ojú kó fi òórùn nìkan mọ irú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbé sí i nímú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé kí ni olú ìlú Kwara, ewé ẹ̀gẹ́ ló máa dárúkọ. Ẹni kan ṣoṣo tó yege ni Ẹ̀ríolúwa, ọmọ Àbíkẹ́ tó ń ta òwú àti abẹ́rẹ́ ní Akẹ̀sán. Ikọ́ fée ń ṣe ọmọ náà, kò lè ro oko. Wọ́n á fi òun àti ìwé sílẹ̀ nínú kíláàsì, kò sì sóhun tó kù fún un ju kó kàwé lọ. Láràárọ̀ ni ìyá rẹ̀ ń ra ìrẹsì Marufat fún un, torí òun ni ọmọ náà máa ń jẹ tán.

Wọ́n pe ìpàdé òbí. Ọ̀gbẹ́ni Adéríbigbé dìde, ó tún ìdè ọrùn rẹ̀ ṣe.

"Ẹ̀yin òbí, ẹ kú ìjókòó. Ẹ jẹ́ ká fi làákàyè wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Olùkọ́ tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà. Pátákó tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà. Kí ni nǹkan tuntun tó wọ àdúgbò yìí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?"

Bàbá kan tó jókòó lẹ́yìn wúkọ́. "Ìrẹsì alágbọn ni."

Ó parí. Olúkúlùkù rántí ìyá rẹ̀ àgbà tó lé e pẹ̀lú ẹgba nítorí omi àgbọn. Ta ni kò mọ̀ nílẹ̀ Yorùbá pé ọmọ tó bá mu omi àgbọn á ya òpònú? Obìnrin kan ní láti ìgbà tí ọmọ òun ti ń jẹ ẹ́ ni kì í ti í gbọ́ bí òun bá rán an níṣẹ́. Òmíràn ní tòun ti ń gbàgbé orúkọ ara rẹ̀. Bàbá ọmọ tí wọ́n fi oko ẹ̀gẹ́ ṣe kíláàsì fún odindi ọdún kan ń mi orí, ó ní, "Àgbọn, ọ̀tá ọpọlọ."

Títì ni wọ́n fi pààlà pẹ̀lú ilé oúnjẹ, Marufat gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wọlé tòun ti ṣíbí ata lọ́wọ́.

"Ẹ kú ìpàdé o. Mo gbọ́ orúkọ oúnjẹ mi."

"Àlàájà, kò sẹ́ni tó bá yín jà," ni ọ̀gá ilé ìwé wí. "Ẹ ṣáà yọ àgbọn kúrò. Ẹ máa se ìrẹsì bí gbogbo ayé ṣe ń sè é, a ó máa rà á. Bí ẹ ò bá yọ ọ́, a ó ní kẹ́ ẹ kúrò níwájú àwọn ọmọ wa."

"Bí mo bá yọ àgbọn kúrò nínú ẹ̀, kí ló kù? Ẹ̀yin yọ ẹ̀kọ́ kúrò nílé ẹ̀kọ́, ẹ ṣáà ti rí ohun tó ṣẹ́kù."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tètè rántí pé inú ń bí àwọn. Marufat wá yíjú sí Àbíkẹ́ tó jókòó níwájú nínú aṣọ funfun ìjọ wọn.

"Ìyá Ẹ̀ríolúwa, ọmọ yín ló yege. Ẹ bá mi sọ fún wọn. Kí ló ń jẹ láràárọ̀?"

Àbíkẹ́ dìde. Ó wo Marufat, ó wo ọ̀gá ilé ìwé. Ọ̀gá ilé ìwé náà ń wò ó.

"Ọmọ mi ò jẹ ìrẹsì yẹn rí. Omi àdúrà ló ń mu."

Gbogbo ilé ní àmín, mùsùlùmí inú wọn gan-an ń ṣe àmín. Wọ́n fún Marufat di òpin oṣù kó fi kó kúrò níbẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà kò sí oníbàárà kankan. Kó tó tó ọ̀sẹ̀ kan, àwọn èrò ọkọ̀ pàápàá ti gbọ́. Bí Mùílì bá dúró, wọn kì í sọ̀ kalẹ̀. Ìyálọ́mọ kan fi ìborùn di ọmọ rẹ̀ nímú kí òórùn àgbọn má baà gba ibẹ̀ wọ inú ọpọlọ rẹ̀.

"Àlàájà," ni Mùílì wí, ó ń fi ewé ha ata tó kù lábọ́, "ẹ sọ fún wọn pé wàrà Fúlàní ni. Funfun ni méjèèjì. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi á mọ̀. Ọdún mélòó ni mo fi fọ abọ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan àgbọn? Kí n wá pè é ní màlúù nítorí Adéríbigbé?"

"Ẹ ò ní rẹ́ni tà fún mọ́ o."

"Ẹni wo ló ń jẹun ní Sábó?"

Sábó ti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ní lọ́kàn. Àwọn oníṣòwò àlùbọ́sà tó máa ń wọkọ̀ Mùílì ń jẹ ẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, wọn ò sì ní ìjà pẹ̀lú àgbọn. Mùílì ní òun á gbé e lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń kó lọ, ẹrù ti wà lórí J5. Ìkòkò ìrẹsì kan ló kù nílẹ̀, oúnjẹ ọ̀nà. Àbíkẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó fi abọ́ kan tí aṣọ funfun bò há abíyá.

"Ẹ káàárọ̀, Àlàájà."

Marufat ń fi okùn di ẹnu àpò.

"Ẹ má bínú. Ẹ̀ríolúwa ni. Kò jẹun gidi láti ìgbà tí mi ò ti rà á fún un mọ́. Ẹ bá mi bu díẹ̀."

"Ẹ̀ríolúwa tí kò jẹ ẹ́ rí?"

"Ọ̀gá ilé ìwé ló máa kọ̀wé tí ọmọ máa mú lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

"Ṣé ó ti kọ ọ́?"

"Ó kọ ọ́ lánàá."

"Ó dáa." Marufat gba abọ́ náà, ó bu ìrẹsì kún un, ó fi ẹja sí i, ó fi ẹ̀pà sí i, ó bu ata lé e. Ó ká aṣọ funfun náà, ó fi lé Àbíkẹ́ léjìká. "Ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má bò ó, ẹ má sì gba ẹ̀yìnkùlé. Iwájú ilé ìwé ni kẹ́ ẹ gbà, kẹ́ ẹ gba àárín Akẹ̀sán délé. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ ti bù ú àti ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́."

"Wọ́n á rí mi, Àlàájà."

"Kí wọ́n rí yín náà ni mo ń wí."

Àbíkẹ́ gbé abọ́ náà dé ẹnu ọ̀nà iwájú. Àwọn òbí ń mú ọmọ wọn lọ sí ilé ìwé. Ó dúró síbẹ̀, èéfín ìrẹsì ń yọ sí i lójú. Ẹnì kan kí i láti òdì kejì títì. Àbíkẹ́ yí padà wọlé, ó da ìrẹsì náà padà sínú ìkòkò, ó fi ìka ha èyí tó lẹ̀ mọ́ abọ́, ó fi aṣọ funfun rẹ̀ nu ojú abọ́ títí kò fi sí àmì ata kankan, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Mùílì rí gbogbo rẹ̀ láti ibi tó jókòó sí lẹ́yìn sítíárìn. "Àlàájà, ọmọ ò mà ṣẹ̀ o."

"Ọmọ ò ṣẹ̀. Bó bá wá bá mi ní Sábó, màá bù fún un títí yóò fi sùn lọ lórí abọ́. Máa wakọ̀ ẹ."

Nítorí náà, bí ebi Màlésíà bá ń pa yín, Sábó ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ béèrè obìnrin tó ń ta oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn alálùbọ́sà, ẹ tètè dé kí ata má baà tán. Ẹ má retí pé á yín yín, inú ń bí òun náà síbẹ̀. Ẹ jẹun, ẹ sanwó, kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹni tẹ́ ẹ bá bá pàdé lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ tán, kó nu ẹnu, kó ní òun ò dé ibẹ̀ rí, kó má wulẹ̀ wọkọ̀.