Ẹni Tó Ń Fọ Aṣọ Mi

Láti kékeré ni ọṣẹ ti máa ń bó mi lọ́wọ́. Nígbà tí a kó wá sí yàrá kan ní Ìbàfò lẹ́yìn ìgbéyàwó wa, ọkọ mi rí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì gba aṣọ lọ́wọ́ mi, ó ní òun ni yóò máa fọ gbogbo rẹ̀. Bíríkìlà ni. Ó ní sìmẹ́ǹtì ti jẹ ọwọ́ òun tán, kí ni ọṣẹ tún fẹ́ jẹ níbẹ̀.

Sátidé àkọ́kọ́ tó jókòó sídìí kànga tó ń fọ yẹ̀rì mi, ó di ọ̀rọ̀ gbogbo ilé. Àwọn obìnrin tí a jọ ń gbé ní mo ti fi nǹkan sí oúnjẹ rẹ̀. Onílé pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kó rántí pé ọkùnrin ni. Ọkọ mi kàn rẹ́rìn-ín ni. Èmi lojú tì, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa fọ̀ ọ́ nínú yàrá. Bó bá ti fọ̀ ọ́ tán, èmi á gbé bàsíà jáde, mà á sá aṣọ, mà á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́ta la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí wọ́n máa pe ọkọ mi ní ọmọ ọ̀dọ̀ ìyàwó.

Ìgbà tó yá, ìyá ọkọ mi wá láti Ìkìrun láti lo ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní kí ọkọ mi fi aṣọ sílẹ̀ títí wọ́n á fi lọ. Kò gbọ́. Mo ti ọjà dé ní Sátidé, mo bá ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, tí wọ́n ń wò ó, ọṣẹ dé ìgúnpá rẹ̀, yẹ̀rì mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú ata lọ́wọ́. Wọ́n fà mí wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

“Bàbá ọkọ ẹ náà máa ń fọ aṣọ fún mi,” ni wọ́n wí. “Inú yàrá lòun náà ti ń fọ̀ ọ́. Nígbà tó kú, kálukú ń sọ oore tó ṣe wọ́n. Èmi ìyàwó ẹ̀ ò lè sọ èyí tó ṣe mí.”

Wọn ò sunkún. Èmi ni mo sunkún. Nígbà tí mo ṣe tán, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo ní kí ọkọ mi gbé bàsíà lọ sídìí kànga. Ó wo ojú mi, ó wo ti ìyá rẹ̀, ó sì gbé e. Ìyá rẹ̀ ló bá a gbé àpótí ìjókòó.