Ọjọ́ Tí Rading Gbé Ọmọ Ẹja Sẹ́nu

Ọjọ́ tí Rading, aláròyé etí adágún Kanyaboli, wọ ìpàdé apẹja tí kò sọ̀rọ̀, gbogbo ayé rò pé eyín ló ń dùn ún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú. Apondi ìyàwó rẹ̀ ń dúpẹ́ nínú, torí láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ, etí rẹ̀ kò sinmi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nyagilo, alága wọn, fẹ́ kí wọ́n da mbuta sínú adágún náà. Ẹja ńlá ni, ó sì ń tà. Ṣùgbọ́n mbuta yìí kan náà ló jẹ àwọn ẹja kékeré tí wọ́n ń pè ní ngege tán nínú adágún ńlá ìtòsí. Kanyaboli nìkan ló kù tí ngege sá pamọ́ sí.

"Rading, o ò ní bá wa jà lónìí?" alága bi í.

Rading mi orí.

"Ó dáa. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

Rading dìde, ó fa igbá omi iwájú alága sọ́dọ̀, ó tẹ̀ ba, ó la ẹnu. Àwọn ọmọ ngege wínníwínní tú jáde, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́.

"Ìyá wọn ló kó sínú àwọ̀n ẹ láàárọ̀ yìí," ó ní. "Ẹnu ló fi ń tọ́ wọn, mo wá gbà wọ́n tọ́. Bí mbuta bá dé, ẹnu ta ni wọ́n máa sá sí? Tìẹ?"

"Orí ẹ dàrú."

"Ó dàrú. Ta ló máa da mbuta lé àwọn ọmọ mi lórí níbí?"

Ẹ̀rín kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nawọ́ dìbò fún mbuta. Ṣùgbọ́n "àwọn ọmọ mi" yẹn délé àna rẹ̀ ní Gem, wọ́n sì gbéra wá bèèrè obìnrin tó fẹ́ pamọ́.

Nígbà kan Apondi gbé mbuta gbígbẹ bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀. Rading kọ̀ ọ́: "Ẹja tó jẹ ará ilé mi?" Iyọ̀ ló fi jẹ kuon, òkèlè àgbàdo rẹ̀. Ológbò ló jẹ ẹja náà, Rading kò sì bá ológbò sọ̀rọ̀ mọ́.

Apẹja tí kò bá la ẹnu ngege wò bóyá ọmọ wà níbẹ̀ kó tó sọ ọ́ sínú agbọ̀n, Rading á tẹ̀ lé e délé, á máa rojọ́. Wọ́n bú u títí, ṣùgbọ́n wọ́n ń la ẹnu ẹja wò.

Ọjọ́ ìsìnkú Rading, Nyagilo gba iwájú Apondi kọjá, kò kí i. Àwọn èèyàn ń kùn pé ṣé ìjà yìí kò tíì tán ni. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó la ẹnu sómi. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó padà, ó ń nu irùngbọ̀n.

"Ẹ má bínú, Ìyá Okech. Mo fẹ́ kí yín, ẹnu mi ni kò ṣófo."

Apondi rẹ́rìn-ín títí omijé fi dà á lójú. Ó fa àpótí ìjókòó sún mọ́ ọn.

"Ẹ jókòó, Alága. Ẹ máa sọ̀rọ̀. Ilé ti dákẹ́ jù."