Orúnkún Aláìṣẹ̀

Ìfẹ́ ló mú kí Ládélé fo gọ́tà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ohun mìíràn fún yín. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìtẹ̀wé, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti kúrò nílé tán, tó ń dá gbé ní Mówè, ló rí gọ́tà gbàgàdà kan ní Ìbàfò lọ́jọ́ náà tó sì ní òun máa fò ó. Pátákó wà níbẹ̀ o. Àwọn ará àdúgbò ló gbé e sórí gọ́tà yẹn kí ènìyàn lè rí ọ̀nà kọjá. Aboyún ń gba orí ẹ̀, arúgbó ń gba orí ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Delight ti kọjá ṣáájú, ó dúró ní òdìkejì, ó ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, àpò ìrẹsì rẹ̀ sì wà léjìká Ládélé. Níbi tọ́rọ̀ dé yẹn, kí ni ọkùnrin tún ń fi pátákó ṣe?

Ó fò ó lóòótọ́. Ó balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ méjèèjì, hóró ìrẹsì kan ò sì dànù. Àmọ́ nǹkan kan já pà nínú itan rẹ̀ ọ̀tún, lókè pátápátá, níbi tí itan ti pàdé abẹ́, níbi tí àgbàlagbà kì í nawọ́ sí lójú àwùjọ. Omi lé ròrò sójú ẹ̀. Ìyá Delight bi í pé ṣé kò sí o. Ó ní kò sí nǹkan kan, pé eruku ló kó sí òun lójú.

Fẹ̀hìntọlá lorúkọ Ìyá Delight. Opó ni, aṣọ ọmọ jòjòló ló ń tà ní Ìbàfò, ó sì ní ẹ̀rín kan tó máa ń ti ọ̀fun wá díẹ̀díẹ̀ kó tó dé ẹnu. Ṣọ́ọ̀ṣì ni òun àti Ládélé ti pàdé, ní kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbà bí wọ́n ṣe ń lo fóònù. Ládélé mọ fóònù lò tẹ́lẹ̀. Nígbà tó rí ẹni tó jókòó sílà iwájú, ó gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀, ó ní kí wọ́n kọ́ òun láti ìbẹ̀rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni àgbàlagbà ti di ọmọdé. Ó ń kọrin ní balùwẹ̀. Ó ra lọ́fínńdà. Láràárọ̀ ló máa ń fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù pé, "Ìyá Delight, ẹ káàárọ̀, ṣé ẹ sùn dáadáa," tó bá tẹ̀ ẹ́ tán, á tún tẹ́tí gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ohùn òun dùn. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ó ní òun fẹ́ fi í ṣaya. Fẹ̀hìntọlá ní òun náà fẹ́ ẹ, àmọ́ ìyá òun wà ní Ìfọ̀, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún, òun ò sì ní ṣe ohun tí ìyá òun ò bá fọwọ́ sí. Ìyá Àgbà ránṣẹ́ padà pé kí wọ́n mú ọkùnrin náà wá ní Sátidé tó parí oṣù tó ń bọ̀. Òun fẹ́ fi ojú ara òun rí i kí òun tó fọhùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù nìyẹn. Ọjọ́ kejì ẹ̀ gan-an ló fo gọ́tà.

Ẹ gbà mí, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Bí ọkùnrin tó ń wá ìyàwó bá ń sọ kiri pé ibẹ̀ yẹn ló ń dun òun, kí lẹ rò pé ayé máa wí? Wọ́n á ní kí ló tún fẹ́ fi ìyàwó ṣe. Ládélé ro èyí títí, ó wá rí i pé orúnkún ló yẹ ọmọlúàbí. Kò sí ẹni tó ń fi orúnkún ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo àgbàlagbà ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló ní orúnkún tó ń dùn wọ́n. Bí Fẹ̀hìntọlá ṣe rí i tó ń ya ẹsẹ̀ rìn, tó bi í pé kí ló dé, ó ní, "Orúnkún ni o. Orúnkún ọ̀tún."

Irọ́ yìí ò wá mọ ibi tó máa dúró sí. Fẹ̀hìntọlá ra òrí, ó ń wá sí Mówè nírọ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, á jókòó ti Ládélé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lójú gbogbo ayalégbé, á máa fi òrí wọ́ orúnkún náà. Orúnkún tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ládélé á dijú, inú ẹ̀ á máa dùn ṣìnkìn, ojú á tún máa tì í, itan á sì máa ta á. Lọ́sẹ̀ kejì ó mú un lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ya fọ́tò orúnkún. Dókítà gbé fọ́tò náà sókè síwájú iná, ó ní orúnkún yìí dára ju tòun alára lọ. Ládélé dúpẹ́, ó sì ya ẹsẹ̀ jáde.

Mùsáfírù, mẹkáníìkì tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, ní jẹ̀díjẹ̀dí ni.

Ládélé ní, "Jẹ̀díjẹ̀dí nínú orúnkún?"

"Ẹ̀gbọ́n, kò síbi tí kì í dé. Tíì aláṣúgà tẹ́ ẹ ń mu yẹn ni." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ n mú yín lọ sọ́dọ̀ Salmah, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ọdún márùn-ún ló fi kọ́ ìṣègùn àwọn ará Ṣáínà lọ́hùn-ún. Abẹ́rẹ́ ló ń gún, àmọ́ kò sí oògùn nínú abẹ́rẹ́ ọ̀hún."

"Kí ló wá wà nínú ẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ lọ bi í."

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìbàfò ni Salmah ń lò. Àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún. Ládélé kà wọ́n, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń ta á nítan. Salmah dúró lókè, híjáàbù funfun lórí, ó ń wo bó ṣe ń gòkè. Kó tó bi í léèrè ohunkóhun, ó gbé ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó gbé e lé tòsì, ó dákẹ́ bí ẹni ń gbọ́ rédíò. Ó ní kó yọ ahọ́n. Ládélé yọ ahọ́n. Láti ìgbà tó ti gbọ́njú, kò yọ ahọ́n sí ọmọbìnrin kankan rí.

"Bàbá, níbo ló ń dùn yín?"

Ọmọ yìí ò tó àbígbẹ̀yìn òun. Báwo ni wọ́n ṣe ń là á fún un? "Orúnkún," ni Ládélé wí.

Salmah tẹ orúnkún náà níwá, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ládélé kò pa ojú dé. Ó wá rántí pé ó yẹ kó dun òun, ló bá ké "yéè" nígbà tí ọmọ ti gbé ọwọ́ kúrò. Salmah wò ó, ó gún abẹ́rẹ́ mẹ́rin tín-ín-rín yí orúnkún náà ká. Kò dùn ún. Kò sì ṣe itan ní nǹkan kan.

Nígbà tó máa lọ ní ẹ̀ẹ̀kejì, Fẹ̀hìntọlá ní òun máa bá a lọ. Ibẹ̀ ni Ládélé ti fara balẹ̀ wo àwòrán tó wà lára ògiri. Àwòrán ọkùnrin kan ni, wọ́n fi ìlà oríṣiríṣi àwọ̀ fà á lára láti orí dé ẹsẹ̀, kò sì wọ nǹkan kan. Ìlà aláwọ̀ ewé kan bẹ̀rẹ̀ láti àtàǹpàkò ẹsẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ ojúgun nínú gòkè, ó gba inú itan, ó yí ibẹ̀ yẹn po, ó wá kọrí sábẹ́ egungun ìhà. Ládélé wo ìlà náà títí omi fi fẹ́ bọ́ lójú ẹ̀. Ta ló sọ fún àwọn ará Ṣáínà?

Salmah ti rí ibi tí ojú ẹ̀ wà. Ó ní, "Ọ̀nà ẹ̀dọ̀ nìyẹn, Bàbá. Wọ́n gbà pé agbára kan wà tó ń ṣàn kiri nínú ara wa. Tí iṣan ibẹ̀ bá fà, tí òtútù bá mú un, tàbí tí ènìyàn bá ń gbé ọ̀rọ̀ mì tí kò sọ ọ́, agbára yẹn máa dì sójú ọ̀nà. Ibi tó bá dì sí ni yóò máa dunni. Tó bá jẹ́ inú itan lókè, orí ẹsẹ̀ àti ojúgun la ti máa ń tú u." Ó yíjú sí Ládélé. "Ṣé ọ̀rọ̀ kan wà tẹ́ ẹ gbé mì?"

Ládélé gbójú sókè. Fẹ̀hìntọlá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé báàgì lé itan, ó ń wò ó tààrà. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu Ládélé pátápátá. Ó gbé e mì.

"Orúnkún ni," ló wí.

Salmah mí kanlẹ̀. "Ibi tí ẹnu yín bá rán mi náà ni mo máa gún, Bàbá." Ó tún gún orúnkún aláìṣẹ̀ náà ní abẹ́rẹ́ mẹ́rin.

Sátidé dé. Ẹ má rò pé Ládélé ò múra sílẹ̀. Ó ti fi odindi ọ̀sẹ̀ kọ́ ìdọ̀bálẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti rí i pé tí òun bá kọ́kọ́ gbé ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, tí òun pa itan méjèèjì pọ̀, tí òun sì na ẹsẹ̀ sẹ́yìn papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í fi bẹ́ẹ̀ dun òun. Ìdọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, àyà kanlẹ̀. Ìyá Àgbà á rí i, inú ẹ̀ á dùn, ọ̀rọ̀ á bùṣe. Fẹ̀hìntọlá ti ṣáájú lọ sí Ìfọ̀ láti ọjọ́ Ẹtì. Nínú mọ́tò Mùsáfírù tó gbé Ládélé lọ, gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà ló ń kí itan rẹ̀, síbẹ̀ ó ń fi imú kọrin.

Ìyá Àgbà jókòó sórí àga ní pálọ̀, ó kéré, ó wẹ́, ojú rẹ̀ mú ṣáṣá, etí nìkan ló ti ń lọ. Fẹ̀hìntọlá, àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjì àti ìyàwó wọn jókòó yíká. Ládélé wọlé, ó gbọn agbádá sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ sílẹ̀.

"Rárá o," ni Ìyá Àgbà wí. "Kó má dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ti sọ fún mi pé orúnkún ń dùn ún. Ẹ gbé àpótí bàbá yín wá fún un."

Gbogbo ilé mí hìn-ín-ìn. Láti ọdún mọ́kànlá tí bàbá wọn ti kú, kò sẹ́ni tó jókòó sórí àpótí náà. Ọlá ńlá ni. Wọ́n gbé e wá, wọ́n fi aṣọ nù ún, wọ́n gbé e síwájú Ìyá Àgbà. Ládélé wò ó. Àpótí náà ò ga ju ìdajì ojúgun lọ. Kò sí bí àgbàlagbà ṣe lè jókòó sórí ẹ̀ tí kò ní ya itan sọ́tùn-ún sósì.

Àbí kó ní òun ò jókòó? Ta ló ń kọ àpótí bàbá ìyàwó? Ó gba àdúrà sínú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ó dé agbedeméjì. Itan ọ̀tún há. Kò lè lọ sílẹ̀ mọ́, kò lè gòkè, ó wà lófuurufú ní ìlóṣòó, ọwọ́ méjèèjì nà síwájú, òógùn ń ṣàn wá sí irùngbọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá.

"Kí ló ń ṣe é?" ni Ìyá Àgbà bèèrè.

"Orúnkún ni, mà," ni àbúrò kan dá a lóhùn.

"Kì í ṣe orúnkún," ni Ládélé wí. Kò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu ẹ̀. "Kì í ṣe orúnkún, mà. Itan ni. Inú itan lókè, níbi tó ti pàdé abẹ́."

"Ó ní kí ni?" Ìyá Àgbà na etí síwájú. "Sọ̀rọ̀ sókè, mi ò gbọ́."

Ládélé dijú. "Inú itan, mà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́. Gọ́tà ni mo fò."

"Pariwo ẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tó ń wá ìyàwó ṣe lóṣòó sáàárín pálọ̀ àna, tó fi gbogbo ẹ̀dọ̀fóró pariwo pé inú itan lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́ ló ń dun òun, pé gọ́tà ni òun fò níwájú Ìyá Delight, pé pátákó wà níbẹ̀, òun kàn fẹ́ kó rí i pé òun ṣì lágbára ni. Mùsáfírù tó dúró ti mọ́tò níta gbọ́ ọ. Aládùúgbò gbọ́ ọ. Ìyàwó àbúrò kan fi gèlè bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ládélé mọ̀ pé ó ti parí. Kò sí ìyàwó mọ́.

Fẹ̀hìntọlá dìde. Ó wá síbi tó wà, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀, ó gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dúró. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi wọ́ orúnkún," ló wí. "Mo mọ̀ pé kì í ṣe orúnkún. Ojú mi ló ṣe níbi àwòrán yẹn. Mò ń dúró kẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ fún mi."

"Ojú ló ń tì mí, Ìyá Delight."

"Ojú ti bàbá Delight náà. Ọdún kan gbáko ló fi pa àìsàn mọ́ fún mi, ó ń sọ pé ó rẹ òun lásán ni. Ọ̀sẹ̀ tí mo mọ̀ ọ́n náà ni mo sin ín." Ó bá Ládélé tún agbádá ṣe léjìká. "Mo ti sọ fún Ìyá Àgbà lálẹ́ àná pé tẹ́ ẹ bá padà sílé lónìí tẹ́ ẹ ṣì ń pè é ní orúnkún, mi ò fẹ́ mọ́. Mi ò lè bá ẹni tó ń fara pamọ́ fún mi gbélé lẹ́ẹ̀kejì."

Ládélé di ọwọ́ Fẹ̀hìntọlá mú lójú gbogbo wọn.

"Itan ń dùn mí," ló rọra sọ fún un, fún òun nìkan. "Ó ń dùn mí gan-an ni."

"Mo ti gbọ́. Lọ́jọ́ Ajé, a máa lọ sọ fún Salmah."

Ìyá Àgbà ti ń wo àwọn méjèèjì láti ìgbà yìí. Kò lè gbọ́ èyí tí wọ́n sọ kẹ́yìn, àmọ́ ó rí ọwọ́ wọn. Ó yíjú sí àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin.

"Kí lẹ̀ ń wò?" ló wí. "Ẹ gbé àga tó ga wá fún àna mi."