Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ọ̀nà Aṣèjíre

Bí bíréèkì bá gbóná tí rọ́bà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, ọ̀nà Aṣèjíre ni ọkàn mi máa ń lọ, èmi lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ bàbá mi, tí mo di ẹ̀wù wọn mú.

A kúrò ní Àpòmù lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Àwọn òkè tí bàbá mi máa ń súfèé gùn tẹ́lẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ti kẹ̀kẹ́, tí èémí wọn ń dún bí ewé gbígbẹ.

N'Íkirè, a dúró lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wọn tó ń lẹ táyà. Bàbá mi ní, "Forí jì mí, bí mo bá ti ṣẹ̀ ọ́ rí." Ọ̀rẹ́ wọn kò gbójú sókè. "Mo ti forí jì ọ́. Kí Ọlọ́run forí ji gbogbo wa."

Inú mi dùn. Bẹ́ẹ̀ làwọn aládùúgbò wa máa ń tọrọ àforíjì láti ilé dé ilé kí wọ́n tó lọ Mẹ́kà.

Bí a ṣe dé ilé ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin l'Áṣèjíre, mo sáré wọlé. "Ìyá àgbà, bàbá mi ń lọ Mẹ́kà!"

Ìyá àgbà wo ọrùn bàbá mi tó ti tín-ín-rín, wọ́n fi ìborùn bojú.

"Ẹ má sọ fún un," ni bàbá mi wí.

Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé dókítà ti sọ fún wọn n'Íbàdàn pé àìsàn náà kò gbóògùn mọ́.

Nígbà tí a ń padà, oòrùn ti ń wọ̀, ọ̀nà sì da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ níwájú wa. Mo béèrè pé, "Bàbá, kí lẹ máa rà bọ̀ fún mi?"

Bíréèkì ni wọ́n fún mọ́wọ́ títí rọ́bà fi ń rùn, bí ẹni tí kò fẹ́ kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà tán.