Asẹ́ Tí Josiah Ní Kí Wọ́n Yọ

Kò sí ẹni tí ń ná ọjà Odò-Ẹrẹ̀ tí kò mọ Ẹnjiníà Josiah Ọlánípẹ̀kun. Kí o tó kí i ní "Okun o, sà," yóò ti sọ fún ọ pé òun ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí ń fi gáàsì ṣe iná mànàmáná. Iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe jù níbẹ̀ ni kí ó dé akoto funfun, kí ó dúró ti ẹ̀rọ, kí wọ́n yà á ní fọ́tò.

Iná inú ẹ̀rọ yẹn gbóná ju ohun tí irin lè fara dà lọ. Afẹ́fẹ́ tí ń gba inú àwọn abẹ̀bẹ̀ irin rẹ̀ kọjá, tí ń tú jáde lójú ihò wẹ́wẹ́ tí ó wà lára wọn, ni ń bò wọ́n bí aṣọ kí wọ́n má bàa yọ́. Rebecca, ẹnjiníà ọmọ Mopa, ni ó ń mójú tó ẹ̀rọ náà.

Nígbà ọyẹ́, kọmíṣọ́nnà kan fẹ́ wá wo ẹ̀rọ. Eruku sì ti dí asẹ́ tí ẹ̀rọ fi ń mí, agbára rẹ̀ ti wálẹ̀. Asẹ́ tuntun ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

"Ẹ yọ asẹ́ yẹn dànù," Josiah ní. "Ṣebí afẹ́fẹ́ náà ni."

"Ọ̀gá, eruku máa dí ihò abẹ̀bẹ̀, wọ́n á sì jóná," Rebecca dáhùn. "Ẹ jẹ́ ká rọra máa lò ó títí asẹ́ á fi dé."

"Kí n wá dójú ti ara mi níwájú kọmíṣọ́nnà? Ṣé orí rẹ pé?"

Wọ́n yọ ọ́. Kọmíṣọ́nnà dé, ó pàtẹ́wọ́, ó jẹyán, ó lọ. Josiah ń wú bí búrẹ́dì. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, ó han goooro, ó dákẹ́. Nígbà tí wọ́n tú u, eruku ti kún ihò gbogbo, etí àwọn abẹ̀bẹ̀ sì ti yọ́ bí àbẹ́là. Omi bọ́ lójú Rebecca.

Níwájú àwọn olùdarí, akọni wa ní oòrùn ló pa ẹ̀rọ. Oòrùn, nínú ọyẹ́! Nígbà tí wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ó ní Rebecca ló fà á. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ní kí wọ́n yọ asẹ́ sì wà níbẹ̀. Wọ́n sọ ohun tí ó fẹnu ara rẹ̀ sọ.

Wọ́n ní kí Josiah máa lọ sílé. Rebecca ni wọ́n fi iṣẹ́ àtúnṣe lé lọ́wọ́. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan bọ́tìnì tí ń tan ẹ̀rọ títí ó fi rí asẹ́ tuntun ní ipò rẹ̀.