Irorẹ́ Bàbá Ọlọ́mọ

Mo ń de okùn akoto iṣẹ́ mọ́ àgbọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ kan ni nǹkan kan ta mí bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún mi. Mo fọwọ́ kàn án: kókó líle kan, ó gbóná, ó sì ń dùn mí. Mo ní ẹ̀fọn Ajégúnlẹ̀ ni. Mo gun fọ́kílíìtì mi ní yáàdì kọ̀nténà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá, mo ń fi í gbé ẹrù lọ.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, kókó náà ti pe ẹbí rẹ̀. Wọ́n tò sí àgbọ̀n, wọ́n gba ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n gun iwájú orí. Ìyàwó mi wò mí títí.

“Bàbá Ràmọ́tá, irorẹ́ rèé o.”

“Irorẹ́ kẹ̀? Èmi tí mo ti bímọ?”

“Ẹ̀yin lẹ bímọ, ojú yín ò bímọ. Ẹ lọ sí ọsibítù.”

Mo rẹ́rìn-ín. Kí ọkùnrin bíi tèmi lọ jókòó síwájú dókítà nítorí irorẹ́? Mo di dókítà ara mi. Mo fi èékánná tẹ̀ wọ́n. Ibi tí mo tẹ̀ wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo fi ọṣẹ ìfọyín kun ojú, mo gbàgbé láti ṣàn án kúrò, ìyá oníbúrẹ́dì sì bi mí bóyá ìyẹ̀fun ni mo ń pò. Ti ọsàn wẹ́wẹ́ pẹ̀lú iyọ̀ ni mi ò fẹ́ rántí. Mo jó nínú bálùwẹ̀ lọ́jọ́ náà láìsí ìlù.

Lẹ́yìn náà ni mo ra ìpara inú ike kan tí kò ní orúkọ lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tó ń po ìpara. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ irorẹ́ rọlẹ̀, ojú mi ń dán, mo wá ń rìn bí ọkọ ìyàwó. Kò pẹ́, ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ó pọ́n, ọrùn àti etí mi sì dúdú síbẹ̀. Bàbá Sùnmọ́nù tó ń ṣọ́ ẹnubodè yáàdì wa gba káàdì iṣẹ́ mi, wọ́n wò ó, wọ́n wò mí.

“Ta ló ni káàdì yìí?”

“Èmi ni, bàbá. Mùfú ni.”

“Mùfú tí mo mọ̀ dúdú. Níbo lo ti rí káàdì ẹ̀?”

Mo ń ka orúkọ bàbá àti ìyá mi, àwọn awakọ̀ tírélà ń fọn fèrè lẹ́yìn mi. Níkẹyìn Bàbá Sùnmọ́nù tẹjú mọ́ ẹ̀gbẹ́ orí mi. “Ó dáa, mo mọ etí yìí,” wọ́n ní. “Etí lè wọlé. Mi ò tíì mọ èyí tó kù.”

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, àfi ọ̀gá wa. Ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń yọ lábẹ́ okùn akoto mi, ó ní mi ò gbọdọ̀ gun fọ́kílíìtì mọ́ títí n óò fi tọ́jú ara mi.

Ní ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara, ẹlòmíì fi gèlè bo ojú, ẹlòmíì wọ ìbòmú. Gbogbo wa ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ́. Mùfútáù méjì la wà níbẹ̀, ni nọ́ọ̀sì bá pariwo pé, “Mùfútáù onírorẹ́!”

Dókítà náà, obìnrin kan tó ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣàlàyé pé àwọn àpò wíntín kan wà lábẹ́ awọ tó ń ṣe ọ̀rá tó ń mú ojú rọ̀. Bí ọ̀rá náà bá pàdé awọ tó ti kú, ihò á dí, kòkòrò tí ojú lásán ò rí á máa pọ̀ níbẹ̀, á sì wú. Kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í ṣe èpè. Òógùn àti okùn akoto ló dá kún tèmi. Ìpara inú ike yẹn, ó ṣeé ṣe kó ní oògùn líle tó ń tẹ wíwú rì fúngbà díẹ̀, tó sì ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

“Ṣé ẹ máa ń tẹ̀ ẹ́?”

“Rárá, mà.”

Ó wo èékánná mi. Mo kó ọwọ́ sábẹ́ tábìlì.

Ó fún mi ní ìpara àárọ̀ tó ń pa kòkòrò, ti alẹ́ tó ń ṣí ihò awọ, àti èyí tó ń gba ojú lọ́wọ́ oòrùn, torí oòrùn máa ń mú àpá dúdú sí i. Ó ní ó lè burú kó tó sàn. Ó burú lóòótọ́. Ojú mi gbẹ, ó ń ta mí, mi ò lè la ẹnu rẹ́rìn-ín. Mo sunkún nínú bálùwẹ̀, mo ní ọṣẹ ló kó sí mi lójú.

“Ọṣẹ wo, nígbà tí kò sómi?” ìyàwó mi bi mí. Ó jókòó tì mí títí mo fi dákẹ́.

Oṣù ń kọjá. Irorẹ́ tuntun dín kù, mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo sì ń fọ okùn akoto mi déédéé. Àpá dúdú ṣá díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó di kòtò ò lọ bẹ́ẹ̀: ní ọsibítù, wọ́n fi abẹ́rẹ́ wíntín-wìntìn gún ibẹ̀ kí awọ lè máa dí i fúnra rẹ̀. Mo di nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mú débi tó fi bẹ̀ mí pé kí n fi ìka òun sílẹ̀. Kòtò náà dín, kò tán.

Bí tiyín bá ń bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi èékánná tọ́jú rẹ̀, ẹ tètè lọ rí dókítà. Gbogbo ìyà tí mo fi jẹ awọ ara mi, kò bá mi bínú; mo ń sùn, ó ń tún ara rẹ̀ ṣe. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ awọ náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú òógùn lára, ìyàwó mi fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú mi mú lẹ́nu ọ̀nà, ohun tí kò ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ kó má baà dùn mí. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Mo ń retí ìyìn.

“Ojú ti sàn,” ó ní. “Ó ku kí ẹ lọ wẹ̀.”